Sí Oyèbọ́lá, Nípa Àgbélébùú tí Yóò Dúró Nínú Òjò

Oyèbọ́lá ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi àtàtà,

Láti àná tí a ti jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni ohùn rẹ kò ti kúrò létí mi. Màmá rẹ ní kí n pè ọ́ padà, pé ta ló tún ń kọ lẹ́tà láyé ìsinsìnyí. Mo ní fóònù kò lè gba ohun tí mo fẹ́ sọ. O mọ̀ pé mo ní ìwé kan tí mo máa ń kọ nǹkan sí kí n tó sùn, ìbéèrè ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tí mo ń kọ sí ọ yìí ní ìdáhùn nínú, ìdí nìyẹn tí mo fi ya bébà rẹ̀ sọ́tọ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yọ̀ ná. Ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ bisikíìtì ní Àgídìngbì gbé iṣẹ́ àgbélébùú iwájú ọgbà wọn fún ọmọ mi! Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀! O ní o sọ fún wọn pé ọmọ ta ni ọ́ kí wọ́n tó fún ọ níṣẹ́. O ṣe é re. O ní Bàbá Alága, tó ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí, wò ọ́ láti òkè délẹ̀, ó wá ní:

“Ọmọ káfíńtà tí igi rẹ̀ wó! Bàbá ẹ kàn án, ó wó. Ìwọ náà wá kan tìẹ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ṣùgbọ́n tèmi ò ní wó, torí ìrókò ni màá lò.”

“Ìrókò kẹ̀? Igi olúwéré? Lójú ọ̀nà ilé Ọlọ́run?”

O kò bá a jiyàn. O ní kí baba bá ọ dé ẹnu ọ̀nà ńlá ṣọ́ọ̀ṣì, o ní kí wọ́n gbé ọwọ́ lé ìlẹ̀kùn.

“Ìlẹ̀kùn yìí, ó ti tó ìgbà wo tó ti wà níbí sà?”

“Kí wọ́n tó fi mí joyè alàgbà ló ti wà.”

“Ó ti jẹrà rí?”

“Rárá o.”

“Ìrókò ni sà. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi lẹ ń ti olúwéré sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kẹ́ ẹ tó ráyè wọlé jọ́sìn.”

Oyèbọ́lá! Nígbà tí o sọ èyí fún mi, mo rẹ́rìn-ín títí màmá rẹ fi sáré jáde láti ilé ìdáná. O ní gbogbo ìgbìmọ̀ ló bú sẹ́rìn-ín, Bàbá Alága fúnra wọn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́, wọ́n ní, “Ẹ gbé iṣẹ́ yìí fún un kó tó fi ọ̀rọ̀ pa mí.” Ọ̀rọ̀ tí n kò rí ẹnu sọ ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, níwájú ọkùnrin kan náà, lẹ́nu ọ̀nà kan náà, ìwọ lo sọ ọ́. À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú ni wọ́n máa ń wí. Lọ́tẹ̀ yìí, gbẹ́nàgbẹ́nà gan-an ló yọjú.

Lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn ni ohùn rẹ wálẹ̀. O ní wọ́n fẹ́ kí ó máa dán bíi dígí. O ní wọ́n fẹ́ da òróró sí igi náà ní Sátidé ìparí oṣù yìí kí o tó kùn ún. O wá béèrè pé, “Bàbá mi, tó bá tún wó ńkọ́?”

Mo gbọ́ ìbéèrè yẹn dáadáa. Bí èyí bá wó, wọn kò ní sọ pé igi wó mọ́. Wọn á ní ìran wa ni igi kì í dúró fún. Torí náà, ohun tí mo mọ̀ nìyí, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n àti ohun tó ná mi.

Èkíní: sọ ohun tí o mọ̀ nígbà tí o mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ìjọ yìí pè mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi ni. O ṣì wà ní ọwọ́, o kò tíì rìn. Ìrókò ni mo dárúkọ fún wọn. Bàbá Alága, tí wọ́n jẹ́ géńdé nígbà náà, ní ìrókò kò ní dé ọgbà àwọn, pé ẹ̀mí ń gbé inú rẹ̀. Mo ti ka ìwé tó pọ̀ tó láti mọ̀ pé igi tí wọ́n ti là sí pákó kò gbé ẹnì kankan. Mo sì rí ìlẹ̀kùn yẹn lójú mi kòrókòró! Ṣùgbọ́n ọmọdé ni mí, àjèjì láti Èkìtì ni mí, iṣẹ́ sì ni mo ń wá. Mo ní, “Bí ẹ ṣe wí ni sà.” Mo lọ sí ọjà pákó ní Agége, mo ní kí Alhaji Múfútáù fún mi ní àfàrà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Alhaji, àtijọ́ ló ti ń ta pákó, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́.

“Kí lẹ fẹ́ fi àfàrà ṣe?”

“Àgbélébùú ni. Ìta ni wọ́n máa gbé e sí.”

“Ìta? Káfíńtà, èmi ò mọ nǹkan kan nípa àgbélébùú, ṣùgbọ́n mo mọ igi. Àfàrà kì í ṣe igi ìta. Òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa, ì báà ṣe ìmàle, ì báà ṣe onígbàgbọ́.”

“Màá kùn ún dáadáa.”

“Ẹ kùn ún o. Ikán náà á bá yín fi eyín gé ọ̀dà yẹn.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé àfàrà mi lọ. Mo wá àwọ̀ tó jọ ti ìrókò, mo fi kùn ún. Ìwọ wo ọgbọ́n mi o: mo sá fún ìrókò, mo tún kùn ún kó jọ ìrókò.

Ọ̀wọ̀ yàtọ̀ sí ìdákẹ́jẹ́, ọmọ mi. Ẹni tó mọ̀ pé àga yóò ṣẹ́, tó sì ń wo àgbà kó máa jókòó lé e lọ, kò bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ìwọ ti kọjá ẹ̀kọ́ yìí, mo kàn fẹ́ kí o mọ bí ohun tí o ṣe ti tó ni.

Má sì tìtorí mi kórìíra àfàrà. Nígbà tí igi yẹn wó, mo gé apá rẹ̀ tó ṣì yè, mo fi ṣe pẹpẹ tí màmá rẹ ń to àwo sí ní ilé ìdáná. Ó wà níbẹ̀ títí dòní, gbọingbọin. Igi náà kò burú. Èmi ni mo gbé e síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni mo ti rí tó rí bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ.

Èkejì: orúkọ lè tan káfíńtà jẹ.

Fọ́ ọ̀rọ̀ náà wò: à-gbé-lé-ìbú. Ohun tí a gbé lé ìbú. Mo mú orúkọ yẹn bó ṣe rí. Mo na igi kan, mo gbé èkejì lé e lórí ní ìbú, mo kan ìṣó mẹ́fà wọ̀ ọ́. Ó lẹ́wà lójú. Ṣùgbọ́n ibi tí pákó méjì bá ti gbé ara wọn lé ara wọn bẹ́ẹ̀, àlàfo tín-ín-rín kan wà láàárín wọn, omi òjò á wọ ibẹ̀, kò ní rí ọ̀nà jáde. Ìṣó irin ń dípẹtà nínú, pákó ń rọ̀ yí i ká, ẹnikẹ́ni kò rí i.

Gé ìdajì nínú igi gígùn, gé ìdajì nínú igi kúkúrú, kí wọ́n wọ inú ara wọn, kí ojú wọn sì dọ́gba. Kó fún débi pé ìwọ yóò fi òòlù onígi lù ú wọlé. Má lo ìṣó irin rárá. Ìrókò àti irin kì í gbé pọ̀, omi dúdú ni yóò máa ṣàn lára rẹ̀ bí omijé. Èèkàn mẹ́rin tí o gbẹ́ láti ara igi apá ni kí o fi dè é. Orí igi àti ìpẹ̀kun apá méjèèjì, ibẹ̀ ni igi ti ń mumi jù, bí ìgbà tí ènìyàn fi ẹnu sábẹ́ ẹ̀rọ omi. Gé wọn ní ìdagẹ̀rẹ́ kí omi lè ṣàn kúrò. Bí o bá rí ara funfun létí pákó, gé e dànù. Pupa inú ni ìrókò, funfun ẹ̀gbẹ́ yẹn oúnjẹ ikán ni. Kí o sì bo imú rẹ nígbà tí o bá ń fá a, eruku ìrókò kò dára fún ọ̀nà ọ̀fun. Mo mọ̀ pé o ò ní bò ó. Bò ó.

Ẹsẹ̀ ńkọ́? Mo gbẹ́ ihò, mo ki ẹsẹ̀ igi bọ̀ ọ́, mo da kọnkéré yí i ká. Mo rò pé bí a ṣe ń mú nǹkan dúró nìyẹn. Ife omi ni mo ṣe, mo sì gbé igi sínú rẹ̀. Ìwọ, jẹ́ kí wẹ́dà tó ń jó irin bá ọ ṣe bàtà irin tó nípọn, kí ó jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, kí o ri bàtà yẹn sínú kọnkéré, kí igi sì dúró nínú bàtà ní ìwọ̀n ọwọ́ kan sókè ilẹ̀, kí ìsàlẹ̀ bàtà náà ní ihò tí omi yóò máa gbà jáde. Igi tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá gbẹ kì í tètè kú.

Mo fẹ́ kọ èkẹta, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ bó ṣe wó ná, torí ara rẹ̀ ni èkẹta ti jáde.

Òjò ọdún méjì ló rí. Ní ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, ìjọ ń yí ọgbà po pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ, orin ń lọ. Èjìká mi lo wà, o mú imọ̀ tìrẹ lọ́wọ́, o ń fi gbá mi létí. Bí a ṣe ń bọ̀ níwájú àgbélébùú, atẹ́gùn kan fẹ́, kì í tilẹ̀ ṣe ìjì. Igi náà rọra tẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kí ènìyàn, ó sì dùbúlẹ̀. Kò ba ẹnì kankan, ọpẹ́ ni. Orin dá. Ìgbà náà ni Bàbá Alága sọ ọ́:

“Káfíńtà, ti Jésù ò wó. Tìẹ ló wó.”

Gbogbo Àgídìngbì ló ń fi kí mi fún ọdún bíi mélòó kan. Káfíńtà tí igi rẹ̀ wó. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ti irin síbẹ̀. Ìpẹtà ti jẹ ìyẹn náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pè ọ́.

Nígbà tí mo lóṣòó, tí mo yẹ igi náà wò, mo rí nǹkan kan tí n kò rò. Yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ àti oríkèé, iwájú rẹ̀ ló jẹrà jù. Ẹ̀yìn yè díẹ̀. Mo ronú títí. Iwájú ni wọ́n da òróró sí! Kí n tó kùn ún, àwọn alàgbà ti gba àdúrà, wọ́n da ìgò òróró ólífì odindi sí iwájú rẹ̀, wọ́n fọwọ́ pa á wọlé. Mo wá gbé fáníìṣì lé e. Òróró ólífì kì í gbẹ láéláé, ọmọ mi. Ó wà lábẹ́ fáníìṣì yẹn bí ọ̀rá lójú ọbẹ̀. Fáníìṣì kò rí ibi dì mú, ó ṣí léfòó, òjò wọ abẹ́ rẹ̀, ó ń dán lókè, ó ń jẹrà nísàlẹ̀.

Èkẹta nìyí nígbà náà: má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi òróró ólífì kan igi rẹ, má sì ṣe gbà láti mú kí ó dán bíi dígí. Ohun tó ń dán bíi dígí ń fọ́ bíi dígí. Oòrùn wa yóò là á láàárín ọdún kan, ìwọ yóò sì fi ọjọ́ mẹ́rin họ ọ́ kúrò kí o tó lè tún un kùn. Ó dára kí o fi òróró línsíìdì, òróró àwa káfíńtà, pa á. Òun máa ń wọ inú igi, ó sì ń gbẹ síbẹ̀. Fi pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nu èyí tó bá ṣẹ́kù lójú rẹ̀ kúrò, jẹ́ kó gbẹ, tún un ṣe, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹrin. Jẹ́ kí ti ìpẹ̀kun igi pọ̀ ju ti ara rẹ̀ lọ. Àkísà tí o bá lò, má ká a jọ sí kọ̀rọ̀ kan! Ó lè gbóná fúnra rẹ̀ kó gbiná. Sá a sórí okùn níta bí aṣọ títí yóò fi gbẹ gan-gan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó ṣẹ́ẹ̀dì wa nítorí èyí rí. Màmá rẹ kò tíì dákẹ́ lórí rẹ̀.

O máa ní, “Bàbá mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún àwọn alàgbà pé kí wọ́n má fi òróró yan igi wọn?” Má sọ bẹ́ẹ̀. Gbé agolo línsíìdì rẹ síwájú wọn ní Sátidé, nígbà tí o bá ti fá igi tán, tí o sì ti tò ó pọ̀. Ní, “Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin màmá, òróró tí igi yìí nílò rèé. Ẹ gbàdúrà sí i.” Fún olúkúlùkù ní àkísà. Kí wọ́n pa á fúnra wọn, láti orí dé ẹsẹ̀. Ṣàlàyé fún wọn pé òróró yẹn máa ń tán lára igi, pé ó yẹ kí wọ́n tún un fi pa á lọ́dọọdún kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà wo sì ni òjò ń bẹ̀rẹ̀? Àsìkò Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ náà ni. Kí wọ́n sọ ọ́ di àṣà. Kí àwọn ọmọdé ìjọ máa bá a dàgbà. Má fi nǹkan kan pamọ́ fún wọn; sọ pé ìtọ́jú ni, sọ pé ìyàsímímọ́ ni. Òótọ́ ni méjèèjì.

Ṣé òótọ́ ni méjèèjì? Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: àdúrà ló ń mú igi dúró ni, àbí òróró? Mo ti ka tibí, mo ti ka tọ̀hún. Ìgbà tí mo rí i pé àdúrà àwọn ènìyàn rere wà lára igi yẹn tó sì wó, nǹkan kan mì nínú mi, kò sì tíì dúró tán. N kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n èyí ni mo mọ̀: ohun tí ènìyàn bá gbàdúrà sí, ó máa ń padà lọ wò ó. Ohun tí ènìyàn bá sì ń padà lọ wò, kì í jẹrà láìjẹ́ pé wọ́n tètè rí i. Ibi tí mo dé nìyẹn. Bí ìwọ bá dé ibi tó jìn jù bẹ́ẹ̀, wá sọ fún mi.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan, òun gan-an ló mú mi kọ lẹ́tà.

O ní ọjọ́ Ẹtì lo máa lọ ra ìrókò ní ọjà. Má lọ. Ìrókò tí wọ́n ń tà báyìí, ó ṣì ń rántí igbó. Ó tutù. Bí o bá gé oríkèé rẹ lára rẹ̀ lónìí, títí ọyẹ́ yóò fi dé, igi á ti súnkì, oríkèé á ti là, gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí á sì di asán. Igi ìta gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó jáde síta.

Yá ọkọ̀ akẹ́rù aládùúgbò rẹ, kí o máa bọ̀ ní Agége. Wọ ṣẹ́ẹ̀dì mi, gbójú sókè.

O mọ àwọn igi méjì tó wà lórí àjà. Igi tí a kì í fọwọ́ kàn. Màmá rẹ fẹ́ kí n fi wọ́n ṣe ìlẹ̀kùn ilé ìdáná, mo kọ̀. Oníbàárà kan rí wọn, ó bẹ̀ mí títí, mo kọ̀. Ìwọ fúnra rẹ, nígbà tí o wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí o máa ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lábẹ́ wọn, o bi mí pé, “Bàbá mi, kí ló dé tí ọ̀kan fi gùn tí èkejì fi kúrú?” Mo ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n. O gbà mí gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí àgbélébùú yẹn wó ni mo padà tọ Alhaji Múfútáù lọ. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bá mi wá àárín ìrókò, pupa gbogbo ara rẹ̀, ó ní, “Èyí á wúlò fún ọmọ-ọmọ yín.” Mo gé e sí ìwọ̀n, mo gbé e dé Àgídìngbì, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá Alága kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. “Gbé olúwéré ẹ kúrò níwájú mi!” Mo gbé e padà sílé. Gbogbo ọyẹ́ ni mo ń gun àkàbà lọ yí wọn padà kí wọ́n má bàa ká. Màmá rẹ rò pé orí mi kò pé. Èmi náà kọ ọ́ sínú ìwé lọ́pọ̀ ìgbà pé: kí ni mo ń pa igi yìí mọ́ fún?

Wọ́n ti gbẹ fún ọdún mẹ́rìnlélógún. Fi òòlù lù wọ́n, wàá gbọ́ ohùn wọn bí agogo. N kò gé oríkèé sí wọn lára. Mo mú ayùn lẹ́ẹ̀mejì, mo tún gbé e sílẹ̀. Ọwọ́ tí yóò gé e ni wọ́n ń dúró dè.

Nítorí náà, má bẹ̀rù mọ́, Àbẹ̀kẹ́. Láti kékeré ni àgbélébùú yẹn ti wà lókè orí rẹ. A kò kàn tíì gbé ọ̀kan lé èkejì ni.

Màá wà ní Àgídìngbì ní Sátidé yẹn. Fi àkísà kan pamọ́ fún mi. Bí Bàbá Alága bá béèrè pé ta ni baba arúgbó tó ń pa ẹsẹ̀ igi yẹn, jẹ́ kí n dá wọn lóhùn fúnra mi.

Èmi ni,
Bàbá rẹ,
Káfíńtà tí igi rẹ̀ wó.